Ọjọ́ Tí A Wá Òdòdó Iwin Nínú Irà Fakahatchee

Aago mẹ́rin ìdájí ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà mi ní Miami. Kò fọn fèrè ọkọ̀, ó kàn tan iná ọkọ̀ sí fèrèsé mi lẹ́ẹ̀mejì. Sátidé kan ni, nínú oṣù Keje. Mo gbé bàtà tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún ẹrẹ̀, mo gbé gálọ̀nù omi kan, mo sì mú ìwé kékeré tí mo fi ọ̀rá wé. Inú ìwé yẹn, àti àkókò tó wà lára àwọn fọ́tò inú fóònù mi, ni mo ti ń ṣa ọjọ́ náà jọ báyìí, nítorí ẹni tó bá ti wọ irà kì í mọ aago mọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, sà."

"Káàárọ̀, àbúrò. O ti jẹun?"

Mi ò tíì jẹun. Ó na mọ́ínmọ́ín eléwé kan sí mi. Ó ṣì gbóná, ìyàwó rẹ̀ ló jí sè é.

Ẹ̀gbọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá mi. Ọmọ Ìlàjẹ ni, etí òkun ni wọ́n bí i sí, níbi tí ọmọdé ti ń tu ọkọ̀ ojú omi kó tó mọ ìwé kà. Èmi jẹ́ ará Ìjẹ̀bú tó ń bẹ̀rù omi tó bá ti ga ju orúnkún lọ. Èmi ni mò ń wá òdòdó, òun ló mọ irà. Bí àdéhùn wa ṣe rí nìyẹn.

Ohun tí à ń wá ni ọ́kíìdì kan tí àwọn ará Florida ń pè ní òdòdó iwin. Dendrophylax lindenii ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún un. Kò ní ewé rárá. Gbòǹgbò lásán ni, tó lẹ̀ mọ́ ara igi lókè omi, àwọ̀ rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti èèpo igi náà. Láàárín oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ, bó bá wù ú, á yọ òdòdó funfun kan. Ọdún mìíràn wà tí kò ní yọ nǹkan kan. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó gbé òdòdó náà dání kì í tètè hàn sójú, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ó dá dúró sínú afẹ́fẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí orúkọ iwin fún un.

Ní aago márùn-ún, a wà lórí Tamiami Trail, ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní 1928, tó gba àárín koríko àti omi kọjá lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ẹ̀gbọ́n bi mí pé kí ló gbé mi dé ìdí òdòdó. Mo sọ fún un nípa ọ̀pẹ kan tó wà lẹ́yìn ilé ìyá ìyá mi. Níbi tí wọ́n ti gé imọ̀ kúrò lára ọ̀pẹ náà, nǹkan kan máa ń hù níbẹ̀, òdòdó rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ó sì ní tótòtó dúdú lára bí awọ àmọ̀tẹ́kùn. Àfòmọ́ la ń pè é. Gbogbo ohun tó bá ti hù lórí igi, àfòmọ́ ni lójú wa. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé ọ́kíìdì ni, Ansellia africana, àti pé kò bá àfòmọ́ orí igi kòkó tan. Àfòmọ́ orí kòkó ń fa oje igi mu. Ọ́kíìdì kì í jẹ lára igi tó gbé e, ilé lásán ló ń bá a gbé, bí ayálégbé tó ń dá oúnjẹ rẹ̀ sè.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, igi gbogbo ló ń bá tan."

Mo ní, "Òdìkejì rẹ̀ là ń lọ wò yìí, sà. Gbòǹgbò nìkan ló ní, igi tó sì ń bá tan kò ju bíi méjì mẹ́ta lọ."

Ó wakọ̀ títí kó tó dáhùn. "Á jẹ́ pé yóò ṣòro láti rí."

Aago mẹ́fà ku díẹ̀ la dé Copeland, abúlé kékeré tó wà lẹ́nu irà. Obìnrin òyìnbó kan ń dúró dè wá níbẹ̀, ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ọ̀pá gígùn kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ń rin irà yìí láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, òun ló bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀. Kó tó bi wá bóyá a sùn dáadáa, ó ti na ọwọ́ fún fóònù wa. Ó dúró tì wá títí a fi pa ohun tó ń sọ ibi tí ènìyàn wà, ó ṣí kámẹ́rà, ó ya bàtà ara rẹ̀, ó sì yẹ fọ́tò náà wò láti rí i pé kò sí àmì ibìkan lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ́rìn-ín, tó bọ̀ wá lọ́wọ́.

Kí ẹnikẹ́ni má pe èyí ní àṣejù. Ní 1994, wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John Laroche nínú irà yìí kan náà, òun àti àwọn ọkùnrin ẹ̀yà Seminole mẹ́ta, pẹ̀lú àpò ìrọ̀rí tí wọ́n kó ọ́kíìdì àti àwọn ewéko mìíràn kún, òdòdó iwin sì wà lára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ìwé ní 1998, nígbà tí Susan Orlean kọ The Orchid Thief. Láti ìgbà náà ni òdòdó yìí ti lókìkí, òkìkí náà sì ń kóbá a. Èyí tí wọ́n bá jí kúrò lára igi kì í sábà yè. Síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yéé wá. Fọ́tò kan ṣoṣo tó ní àmì ibi tí wọ́n ti yà á ti tó láti mú olè dé ìdí igi.

Aago méje ku ogún ìṣẹ́jú. A sọ̀ kalẹ̀ sínú omi.

Fakahatchee Strand gùn tó bí 20 máìlì, ìbú rẹ̀ kò sì ju bíi máìlì 5 lọ. Àfonífojì tí kò jìn ni, tí omi ti jẹ sínú òkúta ẹfun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀. Omi òjò gba inú rẹ̀ lọ sí òkun ní jẹ́jẹ́, débi pé ẹni tó bá dúró sínú rẹ̀ yóò rò pé omi náà kò lọ síbì kankan. Igi sípírẹ́sì ńláńlá ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Láwọn ọdún 1940 àti 1950 ni wọ́n gé wọn, wọ́n fi ọkọ̀ ojú irin kó pákó jáde. Orí ebè tí wọ́n mọ fún irin náà la kọ́kọ́ rìn kí a tó bọ́ sódò. Irà yìí wá di ti ìjọba ìpínlẹ̀ Florida láwọn ọdún 1970. Ọ́kíìdì tó lé ní 40 oríṣi ló ń hù níbẹ̀, kò sì sí ibòmíràn ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tí ọ́kíìdì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Omi náà tutù. Àwọ̀ rẹ̀ dà bíi ti tíì tí a kò bu mílíìkì sí, ó sì mọ́ gaara. Mo rí bàtà mi lórí ewé jíjẹrà nísàlẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, Ẹ̀gbọ́n sì mọ̀. Ó sún mọ́ mi.

"Má gbé ẹsẹ̀ sókè. Wọ́ ọ. Jẹ́ kí ọ̀pá kọ́kọ́ dé ibi tí ẹsẹ̀ ń lọ. Bí ilẹ̀ bá gbé ọ mì dé orúnkún, má bá a jà, pè mí."

"Ẹ ṣeun, sà."

"Má sì di igi mú láìwò ó. Ejò náà mọ̀ pé ènìyàn á fẹ́ di igi mú."

Òótọ́ ló sọ. Kí aago mẹ́jọ tó lù, a ti rí ejò cottonmouth kan tó ká jọ sórí kùkùté. Ó la ẹnu sí wa, inú ẹnu rẹ̀ funfun bí òwú. Ìyá tó ń mú wa lọ kàn yà bàrá, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Wíwá ọ́kíìdì kò rí bí mo ṣe rò. Mo ti ń wo òkè, mò ń wá funfun. Ìyá náà dá mi dúró. Ó ní ẹni tó bá ń wá òdòdó kò ní rí nǹkan kan, igi ni kí n máa wá. Igi méjì ni òdòdó iwin fẹ́ràn jù nínú irà yìí. Àkọ́kọ́ ni pop ash. Èkejì ni pond apple, tó jẹ́ ìbátan àbo inú ọ̀dàn tiwa nílé, tó máa ń wọ́ sórí omi bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀. Ibi tí omi ti jìn jù ni àwọn igi wọ̀nyí wà, nítorí náà ibi tí mo ń bẹ̀rù ni mo gbọ́dọ̀ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, inú ihò jíjìn wọ̀nyẹn ni omi máa ń kù sí. Omi ló ń mú kí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, òun náà ló sì ń gba gbòǹgbò lọ́wọ́ òtútù líle ní àwọn òru oṣù Kìíní. Bí omi bá lọ, gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn.

Nítorí náà la ṣe ń ti ara igi kan bọ́ sí ìkejì. A ó yí i po, a ó wo ara rẹ̀ láti ojú omi dé òkè orí wa, a ó wo ẹ̀yìn ẹ̀ka. Àwọn ìbátan ọ̀pẹ̀yìnbó gbomi sínú ewé wọn níbi gbogbo. Ọ́kíìdì mìíràn pọ̀, mo sì yọ̀ sí wọn, pàápàá èyí tí òdòdó rẹ̀ dà bí ìkarahun, tó dorí kodò. Aago mẹ́sàn-án ku díẹ̀, mo kígbe. Mo ti rí gbòǹgbò láìsí ewé! Ìyá náà wá, ó wò ó, ó mi orí. Gbòǹgbò yẹn tẹ́ bí okùn tí wọ́n fi ń di ẹ̀bùn. Ọ́kíìdì mìíràn tí kò ní ewé ni, Campylocentrum ni wọ́n ń pè é. Ó ní gbogbo ènìyàn ló máa ń ṣe àṣìṣe yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ló wà lára fọ́tò tó tẹ̀lé e.

Ìyá náà ló rí i. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn fi ọ̀pá nà án sí wa. Mo wò, mi ò rí nǹkan kan. Mo tún wò. Díẹ̀díẹ̀ ni èèpo igi náà ń yà sọ́tọ̀ lójú mi. Ohun tí mo pè ní èèpo di gbòǹgbò, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, mọ́kànlá, tí wọ́n ti ojú kan ya sí ọ̀nà gbogbo bí ẹsẹ̀ aláǹtakùn. Wọn kò nípọn ju ìfamu inú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ. Àwọ̀ eérú ni wọ́n, àwọ̀ ewé fara hàn díẹ̀ lábẹ́ eérú náà. Lára gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan ni ìlà funfun ṣókí-ṣókí wà, bí ẹni pé olóòlà ló fi abẹ kéékèèké bù ú. Ìlà yẹn ni wọ́n fi ń dá a mọ̀ láàárín àwọn yòókù, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ilà ojú mọ ọmọ ìlú tí ènìyàn jẹ́. Gbòǹgbò ni ó fi ń di igi mú, gbòǹgbò ló fi ń mu òjò, gbòǹgbò náà ló sì ń ṣe iṣẹ́ ewé, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn sè oúnjẹ.

Kò ní òdòdó. Ìyá náà ní láti ọdún mẹ́rin tí òun ti ń bẹ̀ ẹ́ wò, kò tíì yọ òdòdó rí.

Mo dúró níbẹ̀ tó ogún ìṣẹ́jú. Omi ti mu wá dé itan. Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n pé ní Cuba ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jean Linden ti kọ́kọ́ rí irú ọ́kíìdì yìí ní 1844, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Mo sọ fún un pé ilẹ̀ Áfíríkà àti Madagascar ni àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ pọ̀ sí jùlọ. Nínú igbó ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tiwa, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní Microcoelia, àwọn náà kò ní ewé, gbòǹgbò lásán ni wọ́n. Irúgbìn ọ́kíìdì fẹ́lẹ́ bí eruku, ìjì lè gbé e sọdá òkun. Kò sí oúnjẹ kankan nínú hóró náà. Bó bá balẹ̀ sára igi, àfi kó bá irú olú kan pàtó pàdé níbẹ̀, olú tín-ín-rín tí ojú lásán kò lè rí, kó máa bọ́ ọ títí yóò fi lè dá dúró. Bí kò bá pàdé rẹ̀, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n ń wo gbòǹgbò náà. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ará ilé ni."

Aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, ooru àti irù tó ń ta wá lẹ́yìn ọrùn ni mo kọ sínú ìwé. A rí méjì sí i, kò sí òdòdó lára ìkankan. Alligator kan gba iwájú wa kọjá, ó gùn tó ìbùsùn. Ìyá náà ní kí a dúró kó kọjá, a dúró.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, a dé ìdí pond apple kan tó tẹ̀ bí ọrun. Ìyá náà fi ọwọ́ pa ara igi náà. Ibẹ̀ funfun, ó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, èèpo rẹ̀ ti ṣí, ojú ọ̀bẹ sì hàn ketekete lára igi. Ó ní ọdún kẹtàlá nìyẹn tí òun ti mọ òdòdó iwin tó wà níbẹ̀. Oṣù tó kọjá ló wá tó bá a bẹ́ẹ̀. Kò sunkún, kò sì ṣépè. Ó dúró lásán, ọwọ́ rẹ̀ wà lójú ọgbẹ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ṣí fìlà. Mi ò mọ ohun tí à ń sọ fún ènìyàn nírú àkókò bẹ́ẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ní tiwa, mo ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra," ó sì mi orí bí ẹni pé ó gbọ́.

Olè nìkan kọ́ ni ọ̀tá òdòdó iwin. Láwọn ọdún 1960, àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ irà fún àwọn tó fẹ́ kọ́lé gbẹ́ kánáàlì sí ìwọ̀-oòrùn Fakahatchee, omi sì ń gba ibẹ̀ sá lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí dí àwọn kánáàlì náà padà, iṣẹ́ ńlá ni. Ìjì Irma jà níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2017, igi wó, àwọn ọ́kíìdì tó wà lára wọn bá wọn lọ. Ní 2022, àwọn ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ẹ̀dá kọ̀wé sí ìjọba àpapọ̀ pé bí 1,500 péré ló kù ní gbogbo Florida. Ní 2025 ni ìjọba wá dábàá pé kí wọ́n kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ parun, kí òfin lè dáàbò bò ó. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n òfin ò lè dúró nínú omi ìbàdí láàárín òru kó máa ṣọ́ igi.

Aago kan ku ogún ìṣẹ́jú. Ó ti rẹ̀ mí, mo sì ti gba kámú pé a ó lọ sílé láìrí òdòdó. A wà nínú omi kan tó fẹ̀, igi pond apple yí i ká. Ìyá náà ń wo ara igi lápá ọ̀tún, èmi ń wo tòsì. Ẹ̀gbọ́n kò wo igi kankan. Omi ló ń wò, bó ṣe ń wò ó láti àárọ̀, torí ibẹ̀ ló ti gbà pé ewu ti lè wá. Ó dúró.

"Àbúrò. Kí lèyí?"

Ó nawọ́ sínú omi. Ohun funfun kan wà lójú omi dúdú náà, ó ń mì lẹ́lẹ́. Mo rò pé ìyẹ́ ẹyẹ ni. Ìyá náà yíjú, ó wo omi náà, ó gbé ojú sókè. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ẹnu.

Òjìji rẹ̀ la rí. Òun gan-an wà lókè orí wa, lábẹ́ ẹ̀ka tó wọ́ sórí omi, gbòǹgbò rẹ̀ wà ní òdìkejì, níbi tí ẹni tó bá ń wo ara igi láti ìsàlẹ̀ kò lè rí. Òdòdó kan ṣoṣo ni. Funfun rẹ̀ ní àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ nínú, bíi ti àgbọn tútù. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ gùn, ó la sí méjì, méjèèjì lọ́ wálẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tó ń fò. Mo fi awò awọ̀nàjíjìn wò ó. Ara rẹ̀ rí bí ẹ̀fẹ́lẹ́ alùbọ́sà, ìmọ́lẹ̀ là á já. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti yọ, ó gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ, omi dídùn tí àfòpiná ń wá sì wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá rẹ̀.

Nítorí ìfun gígùn yẹn ni wọ́n ṣe gbà tipẹ́tipẹ́ pé àfòpiná ńlá kan ṣoṣo, Cocytius antaeus, tí ahọ́n rẹ̀ gùn rẹ̀rẹ̀, ló ń bá a gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó káàkiri. Kò sẹ́ni tó rí i rí níbi tó ti ń ṣe é. Àwọn kan lọ dẹ kámẹ́rà sínú irà, wọ́n gbé e sókè igi, wọ́n dúró nínú omi fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ní 2019 ni wọ́n gbé àwòrán náà jáde fún aráyé. Àfòpiná tó ń bẹ̀ ẹ́ wò ju ẹyọ kan lọ, èyí tí lẹ́búlẹ́bú sì hàn lórí rẹ̀ jẹ́ irú mìíràn. Ó ṣeé ṣe kí àfòpiná ńlá náà máa mu omi dídùn rẹ̀ lásán nígbà mìíràn, torí ahọ́n rẹ̀ gùn débi pé orí rẹ̀ kò ní í kan òdòdó. Mo fẹ́ràn àwọn ènìyàn tó lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti mọ ohun kékeré kan dájú.

Ìyá náà ka gbòǹgbò rẹ̀, ó wọn gíga rẹ̀ pẹ̀lú ojú, ó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀. Kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ti ń gba ibí kọjá, kò mọ̀ ọ́n. Ó di Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ mú, ó ń mì í, kò sì rí ọ̀rọ̀ sọ.

Aago méjì, àrá sán láti ìhà òkun. Òjò ọ̀sán Florida kì í fi ti ènìyàn ṣe. A yára padà, a gba ibi tí a ti rí àkọ́kọ́, èyí tó dà bí eérú ní òwúrọ̀. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí kàn án. Gbòǹgbò náà ti yí padà pátápátá. Wọ́n tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ wọn dà bíi ti ewé ewédú, ìlà funfun ara wọn sì wá hàn gbangba. Mi ò ya fọ́tò rẹ̀. Ọwọ́ mi tutù, mo sì fẹ́ fi ojú wò ó.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la dé ibi ọkọ̀. Ìyá náà tún gba fóònù wa, ó tún yẹ fọ́tò wa wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n pa méjì rẹ́, torí ẹ̀ka kan tó ní àmì wà lẹ́yìn òdòdó náà, ẹni tó mọ irà lè mọ̀ ọ́n. Mo pa wọ́n rẹ́ lójú rẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ní alẹ́, mo ti wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹrẹ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná ẹsẹ̀ mi. Nírú àkókò yẹn, nínú òkùnkùn, ni òórùn òdòdó náà máa ń jáde láti pe àfòpiná. Mò ń rò ó lọ́wọ́ nígbà tí Ẹ̀gbọ́n pè.

"Ìyàwó mi ní kí n kí ọ."

"Ẹ bá mi kí wọn, sà. Ẹ ní mọ́ínmọ́ín yẹn dùn."

"Ó ń bi mí láti ìgbà tí mo ti dé pé ibo gan-an la ti rí i."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní nínú omi."